Omi Tó Kù Nínú Jùbrílù

Gbogbo Awoye ló mọ̀ pé bí omi bá gbé èèyàn mì, Ìbráhìm ni kí wọ́n sáré pè. Kì í ṣe pé ó ní oògùn kankan. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ní. Bí wọ́n bá ti fa ẹni náà jáde, á ní kí wọ́n dojú ọkọ̀ kan délẹ̀, á gbé e lé ìdí ọkọ̀ náà ní ìdojúbolẹ̀, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn láti ìbàdí lọ sí ọrùn, títí omi á fi máa tú jáde lẹ́nu àti nímú. Àwọn kan wà tí ìyá wọn ti káwọ́ lérí, tí wọ́n ti ń wá aṣọ tí wọn yóò fi bò wọ́n, tí wọ́n sì ń jẹ ẹja títí dòní. Kọ́lájọ tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti Awoye sí Igbókòdá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí Kọ́lájọ bá ti mu díẹ̀ yó, á ní òun ní bàbá méjì, èyí tó bí òun àti èyí tó da omi inú òun nù.

Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi ronú kan ilé ìwòsàn nígbà tí ìgbì dojú ọkọ̀ Jùbrílù dé lẹ́nu odò, níbi tó ti ń wọ òkun. Jùbrílù ni àbúrò Ìbráhìm, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, òun sì ni àbígbẹ̀yìn. Ìbráhìm tó ń bọ̀ lẹ́yìn nínú ọkọ̀ tirẹ̀ ló bẹ́ sómi tó wọ́ ọ dé etí iyanrìn. Ojú Jùbrílù ti yí, kò mí mọ́. Ìbráhìm ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń bú u, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń pe orúkọ ìyá wọn. Omi iyọ̀ tú jáde bí ẹni da garawa nù. Jùbrílù húkọ́, ó bì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n." Ni àwọn obìnrin bá hó yèè, ni àwọn ọkùnrin bá gbé Ìbráhìm sókè, wọ́n ń kì í kiri etí òkun bí ẹni tó jẹ oyè.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí ni, ayé ì bá dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, èémí Jùbrílù bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìhà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Ètè rẹ̀ dúdú bí ẹni tó lá ẹ̀lú. Wọ́n fi òróró pa á láyà, wọ́n fún un ní tíì gbígbóná, imáàmù gbàdúrà lé e lórí. Bí ilẹ̀ ti mọ́, Kọ́lájọ tẹ ẹ́ńjìnnì débi tó lè dé, wọ́n gbé e lọ sí Igbókòdá.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ kò tóbi. Dókítà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọpẹ́fólúwa, ará òkè ni, kò mọ̀ ju kó wẹ̀ nínú ọpọ́n lọ. Ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn aláàánú kan ló fi ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: gbogbo ènìyàn tó wà láti Igbókòdá dé ojú òkun, ẹ̀rọ kan ni wọn ó fi mí bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, nígbà tí epo tí wọ́n ń wà lábẹ́ omi wọn ń lọ sí ibi tó ń lọ. Dókítà gún Jùbrílù lábẹ́rẹ́ tó mú un sùn fọnfọn, ó ti rọ́bà kan bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó so rọ́bà náà mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á fẹ́ atẹ́gùn sí i, àyà rẹ̀ á wú. Ẹ̀rọ á dẹwọ́, àyà rẹ̀ á rọ̀. Wọ́n jẹ́ kí Ìbráhìm jókòó tì í, nítorí ọwọ́ tó wà ní ilé ìwòsàn náà kò tó iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ti ẹ̀rọ mìíràn wọlé. Ó da ohun yíyọ̀ tútù kan sí àyà Jùbrílù, ó mú nǹkan kan tó dà bí tọ́ọ̀ṣì kékeré, tí wáyà so mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó fi tẹ agbede méjì egungun ìhà rẹ̀. Ìbráhìm mọ ẹ̀rọ náà dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀ nígbà tó lóyún Ṣàkírà.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ o," ó ní. "Síkáànù lẹ fẹ́ yà fún un? Ọkùnrin nìyẹn. Kò lóyún."

Rejoice, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ Araromi, bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, tipẹ́tipẹ́ ló sì ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

"Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ni mo fẹ́ wò, Bàbá Ṣàkírà. Ibi tí a ti lè ya fọ́tò àyà jìnnà, a ò sì lè tú u kúrò lára ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Èyí á jẹ́ kí n rí inú ẹ̀ lórí ibùsùn tó wà yìí. Ẹ sún mọ́bí, kẹ́ ẹ wá wò ó."

Inú rere ló fi pè é. Dókítà mìíràn ì bá ní kó jáde, kó lọ dúró sábẹ́ igi. Ó fi ìka tọ́ka ojú ẹ̀rọ. Ibi tí ẹ̀dọ̀fóró bá ti dára, ó ní, dúdú ló máa ń rí, pẹ̀lú ìlà tín-ínrín tó dábùú, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló kún un. Ibi tí omi bá wà, ìlà funfun á máa ti òkè já wá sísàlẹ̀. Ìbráhìm wò ó. Ìlà funfun ló kún gbogbo rẹ̀, bí òjò tó ń rọ̀ sínú ọ̀sà. Dókítà sún ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀yìn Jùbrílù, ibẹ̀ kò tilẹ̀ ní ìlà mọ́, ó kàn ki.

"Ẹ̀yìn ẹ̀ níbí ti ki bí ẹ̀dọ̀ ẹran," ó ní. "Afẹ́fẹ́ ò débẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ló burú jù."

"Omi ló wà níbẹ̀?"

"Omi wà níbẹ̀."

"Omi òkun?"

"Omi òkun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí, ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń sun ún. Omi iyọ̀ yẹn ti bó ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lára. Ṣé ẹ mọ bí iná bá jó èèyàn, tí ojú egbò á máa sun omi? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Kì í ṣe omi téèyàn lè dà nù."

Ìbráhìm mi orí, ó dúpẹ́. Kò gbà á gbọ́. Kì í ṣe pé ó fojú kéré dókítà, ó rí i pé obìnrin náà mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dojú dé ni nǹkan kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ojú ẹ̀rọ yìí sì ti wá jẹ́rìí sí i. Bí Jùbrílù ṣe ní "Ẹ̀gbọ́n" báyìí ni òun ti ṣíwọ́. Àwọn èèyàn hó, wọ́n gbé òun sókè, òun náà sì jẹ́ kí wọ́n gbé òun. Òun kò tẹ̀ ẹ́ tán. Omi kù nínú ọmọ ìyá òun, ìyìn ló sì jẹ́ kí òun fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ìtìjú mú un débi pé kò lè jẹ búrẹ́dì tí Rejoice fún un.

Bàdírátù, ìyàwó Jùbrílù, pè é lórí fóònù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọmọkùnrin jòjòló tí wọ́n sọ ní Muzammil, kò tíì pé ogójì ọjọ́, àwọn ìyá ilé kò sì jẹ́ kó gun ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá.

"Bàbá Ṣàkírà, ṣé ó ti lajú?"

"Kò tíì lajú. Àwọn ni wọ́n ní kó máa sùn."

"Kí ni dókítà wá rí?"

Ó yẹ kó sọ ọ́ bí dókítà ṣe sọ ọ́, egbò àti gbogbo rẹ̀. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Omi ló kù nínú ẹ̀."

Bàdírátù ní, "Háà. Ẹ̀yin tí ẹ da ti Kọ́lájọ tán pátápátá! Ṣé omi máa ń kù lẹ́yìn yín ni?" Kò sí ẹ̀bi nínú ohùn rẹ̀, ìyàlẹ́nu lásán ni. Ó dun Ìbráhìm ju kó bú u lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni dókítà ní àwọn máa yí Jùbrílù padà. Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí: ó pe Rejoice, ó pe ọlọ́dẹ, ó pe obìnrin tó ń fọ ilẹ̀, ó pe Ìbráhìm. Òun fúnra rẹ̀ di orí aláìsàn náà mú àti rọ́bà ẹnu rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rọ́bà yìí o," ó ní. "Òun lẹ̀mí ẹ̀." Wọ́n gbé e, wọ́n yí i, wọ́n rọra dà á dojú bolẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

Ìbráhìm dúró, ó la ẹnu. Ìdojúbolẹ̀! Obìnrin tó kàwé títí, tí kò mọ àjẹ̀ yàtọ̀ sí igi ìdáná, ohun tí òun ń ṣe létí òkun láti ìgbà èwe òun ló ń ṣe yìí.

"Dókítà, báyìí la ṣe ń ṣe é nílé! Àfi pé ẹ ò rẹ orí ẹ̀ sílẹ̀."

"A ò gbọdọ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, Bàbá. Torí kí ẹ̀yìn ẹ̀ lè ráyè ṣí la ṣe dà á délẹ̀, kì í ṣe ká..." Wọ́n ké pè é láti yàrá ìgbẹ̀bí. Ó sáré lọ, kò sì rántí parí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Nígbà tó padà, ó tún fi ẹ̀rọ síkáànù wo ẹ̀yìn Jùbrílù. Ó tújú ká. Ó pe Ìbráhìm. Ibi tó ki bí ẹ̀dọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń ní ojú funfun wínníwínní nínú. Afẹ́fẹ́ ni, ó ní, afẹ́fẹ́ ti ń wọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìbráhìm jáde síta, ó pe Bàdírátù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó. "Wọ́n ti ń ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é! Ó ti ń ṣí!"

"Alhamdulillah," ni Bàdírátù wí, ó ń sunkún. "Ẹ bá wọn dá sí i o, Bàbá Ṣàkírà. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ni Ọlọ́run fi iṣẹ́ yẹn sí lọ́wọ́."

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Nígbà tí wọ́n yí i padà sí ẹ̀yìn, gbogbo ibi tó ṣí tún pa dé. Ibà mú un. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni dókítà ń gbé ẹ̀rọ síkáànù rẹ̀ wọlé, á wo iwájú, á wo ẹ̀gbẹ́, á wo ẹ̀yìn, ìlà funfun náà sì ń pọ̀ sí i dé iwájú àyà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Kò pe Ìbráhìm wá wò ó mọ́, ṣùgbọ́n Ìbráhìm ti mọ̀ ọ́n wò. Ó ń na ọrùn láti orí àga rẹ̀. Òjò ń rọ̀ nínú àbúrò rẹ̀, òun sì jókòó lábẹ́ òrùlé, ọwọ́ gbígbẹ lórí ẹsẹ̀.

Dókítà pe ilé ìwòsàn ńlá kan lókè. Ìbráhìm gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ibùsùn tó ní ẹ̀rọ ti kún. Ó pe òmíràn. Wọ́n ní kó gbé e wá, ó ní nínú ọkọ̀ wo, ta ló máa bá a mí lójú ọ̀nà? Wọ́n ní kó ní sùúrù. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ògiri.

"Mò ń rí i, Rejoice," ó ní. "Gbogbo bó ṣe ń lọ ni mò ń rí. Rírí yẹn nìkan ni mo lè rí i."

Ó yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìbráhìm padà lọ jókòó. Òun tó ti rí ìgbì tó ga ju ilé lọ, ẹ̀rù kò bà á rí tó bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá ń sunkún, kí ni kí apẹja ṣe?

Wọ́n tún dà á dojú bolẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó bímọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n wá fa dókítà lọ. Rejoice yẹ gáàsì ọ́síjìn wò, ó rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìkejì sì wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀.

"Bàbá Ṣàkírà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ọ fún mi. Èmi àti ọlọ́dẹ máa lọ yí i wá. Bí ẹ̀rọ bá ké, ẹ pariwo pè mí."

Kò pẹ́ tó jáde ni ẹ̀rọ ké. Ìbráhìm dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo, "Nọ́ọ̀sì! Rejoice!" Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ilé, ó gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó tún pè. Ó pe dókítà. Obìnrin tó ń fọ ilẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó sáré padà síbi ibùsùn. Ẹ̀rọ ń ké. Ìfófòó tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ń ru bọ̀ nínú rọ́bà tó wà lẹ́nu Jùbrílù, ó ń gòkè, ó ń padà, ó ń gòkè.

Omi. Omi tí wọ́n ti ń fi hàn án lójú ẹ̀rọ láti ọjọ́ yìí wá, òun ló dé ẹnu ọ̀nà yìí. Ó fẹ́ jáde, ibi tí wọ́n gbé orí rẹ̀ sí kò jẹ́ kó jáde. Ó tún wo ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Àbí kí ó jókòó, kí ó máa wò ó, bí dókítà tó ń rí i tí kò lè ṣe nǹkan kan? Ẹni tí wọ́n bí sétí omi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀sọ̀ ni Ìbráhìm fi mú un. Kò fi agbára ṣe é rárá. Ó kó ìrọ̀rí tó wà lábẹ́ àyà Jùbrílù sábẹ́ ìbàdí rẹ̀, ó fi apá kan gbé ìdí rẹ̀ sókè, ó jẹ́ kí orí rẹ̀ rọra sọ̀ kọjá etí ibùsùn. Ó ní "Bìsìmílà." Ó na àtẹ́lẹwọ́ kejì, ó tẹ̀ ẹ́ láti ìbàdí lọ sí ọrùn, bó ṣe tẹ Kọ́lájọ, bó ṣe tẹ gbogbo wọn.

Ó jáde! Ìfófòó àti omi tú jáde lẹ́nu, ó tú jáde nímú, ó ta sórí aṣọ ibùsùn àti sí ẹsẹ̀ Ìbráhìm. "Ó ń jáde o! Jùbrílù, húkọ́! Húkọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ!" Ó tún tẹ̀ ẹ́, òmíràn jáde. Igbe ẹ̀rọ náà ti yí padà, kò kọbi ara sí i. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé inú rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ tó ti wà nínú yàrá yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì ń parí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ létí iyanrìn.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ojú àbúrò rẹ̀, bóyá ó ti lajú. Rọ́bà náà ti yọ, ó wà létí aṣọ ibùsùn, nítòsí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Jùbrílù, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí aṣọ.

Ó mú un. Ó fẹ́ tì í padà sẹ́nu rẹ̀, kò mọ ibi tó ń gbà. Ó gbé orí Jùbrílù lé apá, ó ń ti rọ́bà, ó ń sọ pé "Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, jọ̀ọ́." Bẹ́ẹ̀ ni Rejoice ṣe bá a. Igbe tó ké, ó borí ti jẹnẹrétọ̀.

Dókítà sáré dé, ẹ̀jẹ̀ obìnrin yẹn ṣì wà lápá rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. "Ẹ bá mi yí i! Ẹ di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú!" Ìbráhìm ló di ẹsẹ̀ mú. Wọ́n yí i sí ẹ̀yìn. Dókítà fi irin kan tó ń tanná yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ọ̀fun náà ti wú, ìfófòó ló kún ibẹ̀, kò rí ọ̀nà. Wọ́n fi ìbòmú bò ó, Rejoice ń tẹ báàgì, ó ń fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Dókítà tún gbìyànjú. Ó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà, ó ju irin náà sílẹ̀, ó gun orí àpótí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà Jùbrílù, òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sí i lára. Ìbráhìm dúró síbi ẹsẹ̀, ó ṣì dì í mú. Kò sẹ́ni tó ní kó fi í sílẹ̀.

Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, dókítà fa ẹ̀rọ síkáànù mọ́ra. Ó gbé e sí ọwọ́ òsì àyà, níbi tí ọkàn wà, ó sì wò ó títí. Kò pe Ìbráhìm. Ìbráhìm wò ó fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tó ń mira níbẹ̀. Dókítà gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó fi etí aṣọ ibùsùn nu àyà Jùbrílù mọ́.

Orí bẹ́ǹṣì níta ni dókítà ti wá bá Ìbráhìm. Ó jókòó tì í.

"Dókítà, ká ní mi ò fọwọ́ kàn án, ṣé ì bá yè?"

Irọ́ kan wà tí dókítà lè pa. Irọ́ àánú ni, Ọlọ́run ì bá sì forí jì í. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ò dáa láàárọ̀ yìí. Ó lè má mọ́jú. Ó sì lè mọ́jú. Mi ò mọ̀, Bàbá Ṣàkírà."

Ìbráhìm ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo fi hàn yín," ni dókítà wí. "Mo rò pé bí ẹ bá ń rí i, ọkàn yín á balẹ̀." Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀, kò sí èyí tó lè rẹ èkejì lẹ́kún, títí Rejoice fi wá pe dókítà pé obìnrin yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀.

Kọ́lájọ ló gbé wọn padà sílé. Kò tẹ ẹ́ńjìnnì rárá, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa rọra lọ, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tí wọ́n dé Awoye, wọ́n wẹ Jùbrílù, imáàmù kírun sí i lára, wọ́n sin ín sórí iyanrìn tó ga kí oòrùn tó wọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Ìbráhìm. Oríṣiríṣi ọwọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ léjìká, tí wọ́n ń sọ pé ó ṣe é, pé ó gbìyànjú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ìdílé péjọ sílé Jùbrílù. Àgbà inú wọn gbé Muzammil lé Ìbráhìm lẹ́sẹ̀ bí a ti ń ṣe, kí gbogbo ènìyàn lè rí ẹni tí yóò máa jẹ́ bàbá fún un. Ọmọ náà ń sùn, ó di ìka Ìbráhìm kan mú. Bàdírátù jókòó lórí ẹní lápá kejì, ó fi ìborùn bo orí dé ojú.

"Bàbá Ṣàkírà," ó ní, ohùn rẹ̀ ti há. "Ẹ má jẹ́ kó máa dùn yín jù. Gbogbo wa la mọ̀. Ká ní wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án níbẹ̀ ni, ọkọ mi ò ní kú. Àwọn alákọ̀wé ni wọ́n dí yín lọ́wọ́."

"Òótọ́ ni," ni àwọn tó wà níbẹ̀ wí. "Òótọ́ lo sọ, ọma mi. Àwọn ló pa á."

Ìbráhìm ì bá dákẹ́. Gbogbo ilé ló ti bá a sé ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó ṣe, ohun tó kù kò ju kó jókòó sínú ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó rántí dókítà lórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó lè purọ́ tí kò purọ́.

"Wọn ò dí mi lọ́wọ́," ó ní. "Mo fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n má ṣe é, mo ṣe é nígbà tí wọn ò sí níbẹ̀. Mo rẹ orí ẹ̀ sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà tó fi ń mí yọ lẹ́nu ẹ̀."

Bàdírátù ṣí ìborùn kúrò lójú.

"Omi ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ó jáde?"

"Ó jáde."

"Kí ló wá pa á?"

"Èmi ni."

Ni ilé bá dà rú. Àgbà wọn ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, pé ìbànújẹ́ ló ń sọ ọ́, pé Ọlọ́run nìkan ló ń pa èèyàn. Àwọn obìnrin ń ké "Rárá o! Rárá o!" Kọ́lájọ fò dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó ń lu àyà ara rẹ̀ pé ọwọ́ yẹn ló gba òun là, pé ẹni tó bá ní ọwọ́ yẹn pa èèyàn, òun àti onítọ̀hún ni. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń bá Ìbráhìm jà nítorí Ìbráhìm.

Bàdírátù dìde lórí ẹní. Ó rìn wá síwájú Ìbráhìm, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú ìka rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.